Ẹ Má Ṣe Kọ %apapo% Sínú Àkámọ́ for

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ tó ń bá ìyá aláṣọ kan ṣírò owó ní ọjà Balógun, ní Lagos Island, kọ gbèsè àwọn oníbàárà sínú Notepad. gbese.txt lorúkọ fáìlì náà, iye kan lórí ìlà kan: 15000, 8500, 22000. Ó wá kọ batch script yìí, ìyẹn fáìlì àṣẹ tí Windows máa ń tẹ̀ lé, kí Windows lè bá a ro wọ́n pọ̀. apapo lorúkọ ibi tí àpapọ̀ iye máa wà, for ló sì ń mú ìlà fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan sínú %%a:

@echo off
set apapo=0
for /f %%a in (gbese.txt) do (
  set /a apapo=%apapo%+%%a
  echo %apapo%
)

Òdo lẹ́ẹ̀mẹta ló máa rí. Tó bá sì jáde kúrò nínú àkámọ́, 22000 ló máa bá nínú apapo, bẹ́ẹ̀ 45500 ló yẹ kó jẹ́. Gbèsè ènìyàn méjì ti di àwátì, script ò sì pariwo rárá. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ nìyẹn: owó tí ìyá fi òógùn wá ni.

cmd, ètò Windows tó ń ka batch script, kì í dúró de ìlà àkọ́kọ́ nínú fáìlì. Gbogbo ohun tó wà nínú àkámọ́ ló ń kà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iye tí apapo ní lásìkò yẹn ló sì fi ń rọ́pò gbogbo %apapo%. Òdo ni, òdo náà ló máa lò títí fáìlì fi máa tán. Ẹ kọ setlocal enabledelayedexpansion sókè, kí ẹ wá lo !apapo!, tí cmd máa ń wo iye rẹ̀ nígbà tó bá dé orí rẹ̀ gan-an. Fún ìṣirò, orúkọ lásán ti tó: set /a apapo+=%%a.

Ṣùgbọ́n ẹ má tan enabledelayedexpansion sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ènìyàn bá wà nínú fáìlì. Bí ìlà kan bá sọ pé "Ìyá Ìbejì ti san!", àmì ìyanu yẹn á pòórá. Ẹ kọ́kọ́ gba ìlà náà sínú ila ná, kí ẹ tó tan án:

for /f "delims=" %%a in (akosile.txt) do (
  set "ila=%%a"
  setlocal enabledelayedexpansion
  echo !ila!
  endlocal
)

Ẹ má gbàgbé endlocal, tó ń ti ohun tí setlocal ṣí, torí Windows ò gbà kí setlocal tó ṣí sílẹ̀ ju 32 lọ. Ẹ má sì ro owó láàárín méjèèjì, endlocal á da iye tuntun nù. Bí kò bá sì sí delims=, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lórí ìlà nìkan lẹ máa rí.

Ẹ ṣọ́ra fún òdo iwájú: 320 ni set /a, àṣẹ ìṣirò, máa ka 0500 sí, torí octal (ìkà mẹ́jọ-mẹ́jọ) ló ka nọ́ńbà tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀ sí. Kọ́mà tún burú jù ú lọ. Ẹ kọ 15,000, náírà 15 péré ló máa rò mọ́ gbèsè, kò sì ní ta yín lólobó.