Ṣé ká tú omi sílẹ̀, àbí ká kọ́kọ́ kọ ìwé? Ìbéèrè lórí Dáàmù Glen Canyon

Ní Arizona ni Dáàmù Glen Canyon ti dí odò Colorado, láti 1963 ni omi sì ti ń gbá jọ sẹ́yìn rẹ̀. Láti 1997 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń fi ètò dán-an-wò-kí-o-kọ́gbọ́n darí rẹ̀: wọ́n á tú omi bí wọ́n ṣe rò pé ó dáa, àwọn onímọ̀ á wo ohun tó ṣe sí odò, wọ́n á sì tún ètò náà tò. Ibi tí ètò yìí ti máa ń há sọ́wọ́ òfin àyíká ni àwọn ìbéèrè yìí dá lé, bí ẹni tó ń bá ètò náà ṣiṣẹ́ ṣe lè béèrè wọn.

Ìbéèrè: Wọ́n ti gbà wá láyè láti máa dán nǹkan wò. Kí ló dé tí òfin tún ń dá wa dúró?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé àyẹ̀wò àyíká yín, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe wà níbẹ̀. Òfin NEPA, tó ti wà láti January 1970, ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba yẹ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ máa ṣe sí àyíká wò kó tó dáwọ́ lé e. Kò ní kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ lákọ̀tun ní gbogbo ìgbà. Tí ìwé bá ti sọ bí omi ṣe máa pọ̀ tó, ìgbà tí wọ́n á tú u, àti àmì tí wọ́n á fi mọ̀ pé àkókò tó, ẹ ti ní ìyọ̀ǹda nìyẹn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ iyanrìn. Dáàmù ń gba erùpẹ̀ odò dúró, omi tó ń jáde nísàlẹ̀ wá mọ́ gaara, ó sì ń jẹ bèbè iyanrìn inú Grand Canyon, àfonífojì ńlá tó wà nísàlẹ̀ dáàmù, díẹ̀díẹ̀. Odò Paria, tó wọ Colorado nísàlẹ̀ dáàmù, ló ń gbé iyanrìn tuntun wá nígbà òjò. Tó bá ti pọ̀ tó, wọ́n á tú omi ńlá. Omi á gbé iyanrìn láti ìsàlẹ̀ odò, á dà á sí ẹ̀gbẹ́. Ti àkọ́kọ́, ní 1996, gba ọjọ́ méje, ó sì tó ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì 45,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìwé àyẹ̀wò àyíká 2016 lórí bí wọ́n á ṣe máa darí dáàmù, tí wọ́n ṣe fún 20 ọdún, ti fi iyanrìn ṣe àmì. Òjò tó rọ̀ ní Paria kò wá lè sọ ìwé tuntun di dandan.

Ìbéèrè: Ètò ọdọọdún tí wọ́n fi ń sọ bí dáàmù ṣe máa ṣiṣẹ́ lọ́dún kan ńkọ́?

Ìdáhùn: Tí kò bá ti kọjá ohun tí wọ́n ti fọwọ́ sí, ó parí. Grand Canyon Trust, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àyíká, pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí èyí gan-an. Ní 2012, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ninth Circuit ní ètò ọdọọdún kò nílò ìwé NEPA tuntun, kò sì nílò ìjíròrò tuntun lábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀dá tó fẹ́ run. Àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn sùn o. Ẹni tó bá dọ́gbọ́n ki nǹkan tuntun bọ inú ètò ọdọọdún, ẹjọ́ míì ló ń wá.

Ìbéèrè: A tẹ̀ lé ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹja àjèjì ṣì wọlé. Kí la fẹ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí Lake Powell, adágún tó wà lẹ́yìn dáàmù, fà gan-an, omi òkè tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sún mọ́ ẹnu páìpù tó ń gbé omi lọ sídìí ẹ̀rọ amúnáwá. Smallmouth bass, ẹja àjèjì náà, bá omi yẹn kọjá, nígbà tó sì fi máa di 2022, ó ti ń bímọ nísàlẹ̀ dáàmù. Ẹja tó ń jẹ ẹja ni bass yìí, bẹ́ẹ̀ humpback chub, ẹja ìbílẹ̀ odò náà, wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 2021 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé chub kúrò ní ipò "ó fẹ́ run" sí ipò "ó wà nínú ewu".

Ìwé 2016 kò retí bass. Ọgbọ́n tó wà ni kí wọ́n tú omi tó tutù kí bass má bàa lè bímọ, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún un nínú ìwé, nítorí náà wọ́n ní láti ṣe àfikún, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 2024. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjíròrò lórí ẹja tí òfin ń dáàbò bò: tí ohun tuntun bá yọjú tí ìjíròrò àkọ́kọ́ kò kà sí, ó di dandan kí wọ́n tún un ṣí.

Ẹ kíyè sí i pé ìyọ̀ǹda nìkan kò tú omi. Páìpù ìsàlẹ̀ tí omi tutù máa gbà, tó fi nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà rẹlẹ̀ ju ti ẹ̀rọ iná lọ, kì í kọjá lára ẹ̀rọ. Omi tó bá gba ibẹ̀, iná tó yẹ kó mú wá ti lọ. Omi ńlá April 2023 sì ti ba inú àwọn páìpù náà jẹ́. Ìwé lè gbà kí irin kọ̀.

Ìbéèrè: Trout, ẹja àjèjì míì, là ń kó kúrò kí chub lè rí àyè. Kí ló kan àwọn Zuni, ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ibi ọ̀wọ̀ ni ibi tí odò Little Colorado ti pàdé Colorado jẹ́ fún wọn, wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n máa pa ẹ̀mí nípakúpa níbẹ̀. Òfin 1966 lórí ohun ìtàn ní kí ìjọba bá wọn jíròrò. Nígbà tó yá, ìjọba gbà láti máa kó trout náà láàyè. Ká ní ìjọba ti béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ ni, ariwo yẹn kì bá tí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Tí àmì bá pé ṣùgbọ́n tí a kò tú omi ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó ṣẹlẹ̀ nígbà ìwọ́wé 2021: iyanrìn ti tó, ṣùgbọ́n adágún ti lọ sílẹ̀ jù, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Kò sí aburú níbẹ̀, tí ìdí rẹ̀ bá ti wà lákọsílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lẹ́yìn tí lọ́yà bá ti béèrè.