Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka Hanne Ørstavik, ibi tẹ́ ẹ máa gbà wọlé rèé

Látìgbà tí Jon Fosse ti gba Nobel ní 2023, tí wọ́n bá ti ní òǹkọ̀wé Nọ́wè báyìí, òun àti Karl Ove Knausgård nìkan lẹnu gbogbo èèyàn ń pè. Òǹkọ̀wé obìnrin ará Nọ́wè ni Hanne Ørstavik náà, ó sì ti ń gbé ìwé jáde láti 1994 o. Tana ni wọ́n bí i sí ní 1969, lókè pátápátá ní àríwá Nọ́wè, ó pé ọmọ ọdún 16 kó tó kó lọ sí Oslo. Lójú tèmi, àìtètè túmọ̀ ìwé ẹ̀ ló jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ rọlẹ̀: 1997 ló gbé ìwé ìtàn ẹ̀ Love jáde, ó di 2018 kí ti Gẹ̀ẹ́sì tí Martin Aitken túmọ̀ tó jáde l'Amẹ́ríkà, ọdún yẹn náà ló sì wọ ìpele àṣekágbá National Book Award, ẹ̀bùn ìwé ńlá kan l'Amẹ́ríkà.

Love yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wa sáńpù ọ̀fẹ́ sórí fóònù, tó bá wọ̀ yín lára kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì bi báńkì yín bóyá káàdì náírà yín ń ṣiṣẹ́ fún ọjà òkè òkun, kí wọ́n má baà dá a padà.

Ìwé náà ò nípọn, alẹ́ kan ló yẹ kẹ́ ẹ kà á tán torí alẹ́ kan náà nìtàn inú ẹ̀. Ẹ má kà á nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Nyanya tí kọ́ńdọ́ ń pariwo Berger, Berger létí yín, ẹ máa sọnù ni. Jon, ọmọkùnrin inú ìtàn náà, máa pé ọmọ ọdún 9 lọ́la, ó jáde nínú yìnyín lọ ta tíkẹ́ẹ̀tì oríire fún kílọ́ọ̀bù eré ìdárayá, ó gbà pé màmá òun ń ṣe kéèkì sílẹ̀ nílé. Vibeke, màmá ẹ̀, rò pé ọmọ ti wà ní yàrá, ó wẹ̀, ó múra, òun náà bá tiẹ̀ lọ. (Ẹ̀yin ará Jos mọ òtútù díẹ̀, àmọ́ ti ibẹ̀ yẹn ń pààyàn.)

Ibi tó ti ń ta èèyàn nù nìyí: òǹkọ̀wé ò ní sọ fún yín pé òun ti kúrò lọ́dọ̀ ìyá bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ. Ìpínrọ̀ kan ìyá ni, èyí tó tẹ̀ lé e ọmọ ni, kò sí àkọlé, kò sí nǹkan kan. Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ kọ V tàbí J sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó bá pẹ́ díẹ̀ ẹ ò ní nílò ẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn lẹ máa wá rí i pé ìyá tẹ̀ lé àjèjì, ọmọ náà tẹ̀ lé àjèjì, wọn ò sì mọ̀ nípa ara wọn. Mi ò ní sọ bó ṣe parí, ẹ máa bínú sí mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, The Blue Room, níbi tí màmá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹ̀ obìnrin lọ́jọ́ tó yẹ kó wọ bàálù lọ Amẹ́ríkà. The Pastor ló gba Brage Prize, ẹ̀bùn ìwé ní Nọ́wè, fún un ní 2004, ó lọ́ra, ẹ ní sùúrù fún un.

Ìwé ẹ̀ tó ń jẹ́ Ti amo ni kó kẹ́yìn. Ọkọ ẹ̀ ará Ítálì tí jẹjẹrẹ ń pa lọ ló kọ nípa ẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́ rárá. Tí èèyàn yín bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lọ́wọ́, ẹ fi èyí sílẹ̀ ná jàre.