Ìwé ibà: bí ẹ ṣe lè máa kọ àìsàn ọmọ yín sílẹ̀ lójoojúmọ́

Obì ni mo ń tà ní Ṣágámù. Ẹni tó bá ń bá àwọn oníbàárà Sábó ná obì mọ̀ pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, ìjà ló máa ń dà. Ìdí nìyẹn tí ìwé àkọsílẹ̀ fi wà lọ́wọ́ mi ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ara ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, kọ́kọ́ gbóná. Lábẹ́ iye apẹ̀rẹ̀ tí mo kó lọ́jọ́ náà, mo kọ ọ́ pé: "Ara ọmọ gbóná, 39.2." Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lórí àìsàn yẹn, ìlà kan yìí ló wúlò jù.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ọjọ́ tí ara bá kọ́kọ́ gbóná, ẹ pè é ní ọjọ́ kìíní, kí ẹ kọ déètì rẹ̀. Ẹ ra tẹ̀mọ́mítà, torí ọwọ́ tí a gbé lé iwájú orí ọmọ kò lè sọ iye kankan fún dókítà. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ kọ aago àti ògùn tí ẹ fún un. Àgbo náà, ẹ kọ ọ́. Ìyá ọkọ mi po àgbo fún un lọ́jọ́ kejì, mo kọ ọ́ níṣojú wọn, wọn kò sì bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn, nítorí òun ló sábà máa ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Tiwa kò sí níbẹ̀. Ibi tí a kọ́kọ́ gbé e lọ ní taifọ́ọ̀dù ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ara rẹ̀ kò tutù.

Lọ́jọ́ kẹrin, ojú rẹ̀ méjèèjì pọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ipin rárá. Lálẹ́, ó kọ ìkọ́kọrẹ́, oúnjẹ tó máa ń là mọ́ àwo. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu rẹ̀: ètè ti là, ahọ́n pọ́n, ó sì le wóró-wóró. Ọjọ́ karùn-ún, kókó kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀, ẹsẹ̀ sì wú débi pé sálúbàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, pípọ́n ojú rẹ̀ ti lọ! Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ kẹfà nìkan kò ní mọ̀ pé ojú pọ́n rí. Àwọn àmì yìí kì í péjọ sọ́jọ́ kan. Ẹ máa fi fóònù yà wọ́n, nínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé.

Ara sísú le láti rí lára ọmọ tó dúdú. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ itan. Ẹ tún wo ojú àpá abẹ́rẹ́ BCG lápá òsì, pàápàá lára ọmọ ọwọ́, torí ó lè pọ́n kó sì wú. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà lè má fi ju àmì kan tàbí méjì hàn.

Bí ara bá ti gbóná fún ọjọ́ márùn-ún láìdáwọ́ dúró, ẹ gbé ọmọ àti ìwé lọ bá dókítà ọmọdé. Ẹ má fún un ní aspirin fúnra yín. Dókítà tó gbà wá, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó fi ìka ka àwọn ọjọ́ inú ìwé mi, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló kọ èyí?" Ó ní àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní Kawasaki ló jọ. Àìsàn náà máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ wú, pàápàá èyí tó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀, ó sì lè bà á jẹ́ lára nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́rin tí kò bá rí ìtọ́jú. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó lè sọ pé òun nìyí; àmì ni wọ́n ń kà. Immunoglobulin, omi tí wọ́n yọ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ó sì dára kó wọlé kí ọjọ́ kẹwàá tó kọjá. Gbogbo gbànja tí mo tọ́jú de ìgbà ọ̀wọ́n ni mo tà. Ọjọ́ keje ló gbà á.

Ẹ má pa ìwé náà dé lẹ́yìn èyí. Mo kọ ọjọ́ tí awọ orí ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ọjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀, àti pé abẹ́rẹ́ measles tó bá kù ní láti dúró fún oṣù 11 lẹ́yìn immunoglobulin náà.

Nígbà tó yá, dókítà béèrè bóyá àkọsílẹ̀ ọmọ wa lè wà lára ìwádìí. Ọkọ mi ní ká má fọwọ́ sí ohunkóhun. Èmi náà bẹ̀rù, àfìgbà tí mo gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ mọ àìsàn náà. Lọ́dún 1961, dókítà ọmọdé kan, Tomisaku Kawasaki, rí ọmọ kan ní Tokyo tí kò mọ orúkọ àìsàn rẹ̀. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ kan tẹ̀ lé ọmọ kan, títí ó fi gbé ìtàn ọmọ 50 jáde lọ́dún 1967. Ìyá àwọn ọmọ yẹn ni mo ń rò.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ béèrè: ṣé àkọsílẹ̀ nìkan ni, àbí ẹ̀jẹ̀, àbí ògùn tuntun? Ìgbìmọ̀ wo ló yẹ ìwádìí náà wò tó sì fàṣẹ sí i? Ṣé wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò? Bí a bá yí ọkàn padà lọ́la ńkọ́? Ìtọ́jú ọmọ kò gbọ́dọ̀ dín kù nítorí pé ẹ kọ̀. Bó bá jẹ́ ògùn ni wọ́n ń fi wéra, wọ́n lè pín àwọn ọmọ bí ẹni ṣẹ́ gègé, ìyẹn kì í sì í ṣe ìkà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1986: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, iṣan ọkàn ti ní àbùkù lára nǹkan bí 23 nínú 100 àwọn tó lo aspirin nìkan, ó sì jẹ́ 8 láàárín àwọn tó gba immunoglobulin mọ́ ọn. Ibẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí dókítà wa mọ ohun tí yóò ṣe.

A fọwọ́ sí i. Wọ́n fẹ́ mú ìwé náà lọ, mo ní rárá, ká lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ẹ̀dà ni kí ẹ̀yin náà fún wọn. Ojúlówó, ẹ mú un dání lọ sí gbogbo àyẹ̀wò ọkàn tó bá kù.