Báípáàsì fún ọkàn tó ti rẹ̀: àwọn àṣìṣe tó yẹ kí ẹ yẹra fún

Báípáàsì ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀ láti gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí iṣan ọkàn ti dí kọjá. Àṣìṣe àkọ́kọ́ máa ń wáyé kí aláìsàn tó dé yàrá iṣẹ́ abẹ rárá. Dókítà á ní agbára tí ọkàn fi ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde ti wálẹ̀ sí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń wà láàárín 50 sí 70. Ẹbí á fi igbe bọnu: “Ọkàn tó rẹ̀ tó báyìí, ṣé ọ̀bẹ ló yẹ kó kàn án?” Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù nìkan dáhùn ìbéèrè yẹn, torí wọ́n ti wádìí rẹ̀ dáadáa.

Nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní STICH, wọ́n kó aláìsàn 1,212 jọ láti orílẹ̀-èdè 22. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn wọn ti dí, agbára ọkàn wọn kò sì ju ìdá 35 lọ. Apá kan gba oògùn nìkan, apá kejì gba oògùn pẹ̀lú báípáàsì. Nígbà tí èsì àkọ́kọ́ jáde ní 2011, lẹ́yìn bí ọdún márùn-ún, ìyàtọ̀ àwọn tó kú nínú apá méjèèjì kò tíì tó ohun tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Wọ́n ń bá a lọ. Ní 2016, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá, nǹkan bí 66 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba oògùn nìkan ti kú. Láàárín àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ, 59 ni.

Ẹ má sì fi oṣù àkọ́kọ́ ṣèdájọ́. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ló kú jù. Ewu ló ń ṣáájú. Èrè rẹ̀ di ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹ bi oníṣẹ́ abẹ yín pé: “Báwo ni ewu oṣù àkọ́kọ́ ṣe pọ̀ tó fún èmi gan-an?” Kíndìnrín, ẹ̀dọ̀fóró, ìtọ̀ ṣúgà àti ọjọ́ orí máa ń yí ìdáhùn náà padà, ó sì lè jẹ́ pé fún ẹlòmíràn, oògùn nìkan ló dára jù.

Èyí tó ń dùn mí jù ni jíju oògùn nù lẹ́yìn tí ọgbẹ́ bá ti jiná. Ara á fúyẹ́, èèyàn á ní wọ́n ti tún ọkàn òun ṣe. Rárá o. Ọ̀nà tuntun ni wọ́n là fún ẹ̀jẹ̀, wọn kò pààrọ̀ ọkàn. Apá ibi tó ń tòògbé nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ lè jí padà, àmọ́ ibi tó ti kú tó di àpá kì í jí. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ nínú ìwádìí yẹn náà ń lo oògùn wọn. Ẹ má dá èyíkéyìí dúró láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ dá a dúró, pàápàá èyí tó ń dín ìyára ìlùkìkì ọkàn kù. Dídá a dúró lójijì léwu.

Oògùn ìrora náà wà níbẹ̀. Ibuprofen àti diclofenac máa ń dá iyọ̀ àti omi dúró sára, ohun tí ọkàn tó rẹ̀ kò lè gbé. Ẹ bèèrè kí ẹ tó rà á. Ẹ máa wọn ara yín lórí ìwọ̀n láràárọ̀: bí ẹ bá fi kìlógíráàmù 2 wúwo sí i láàárín ọjọ́ 3, tàbí tí ìrọ̀rí kan kò tó yín sùn mọ́ torí pé èémí ò já geere bí ẹ bá dùbúlẹ̀, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ má gbé ẹrù wúwo títí eegun àyà yóò fi so pọ̀, èyí tó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Ẹ má sì sùn sórí ibùsùn tọ̀sán-tòru. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ní kí ẹ rìn.

Bí oṣù mẹ́ta bá ti pé, wọ́n á tún wo agbára ọkàn yín. Ọ̀pọ̀ kì í padà lọ, torí ara ti yá wọn. Èsì àyẹ̀wò yẹn ni dókítà fi ń mọ̀ bóyá ẹ nílò ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ àyà, tó ń fi iná mànàmáná dá ọkàn padà sípò bó bá ń lù gbùrùgbùrù lójijì. Ẹ gba ọjọ́ àyẹ̀wò náà sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn.