Ìwádìí lórí chiropractic: ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé wọ́n fi wé kí ni

Ṣẹ́ ẹ mọ ìgbà tí ẹ̀yìn bá di èèyàn mú débi pé kò lè bẹ̀rẹ̀ di okùn bàtà ara ẹ̀, tó jẹ́ pé tó bá fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbẹ́ ló máa kọ́kọ́ yí sí kó tó fọwọ́ ti ara ẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀? Ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn, ohunkóhun tí wọ́n bá ní ó máa ràn án lọ́wọ́ ló máa gbà. Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn, torí fídíò chiropractor, ìyẹn àwọn tó ń fọwọ́ tẹ eegun ẹ̀yìn àti ọrùn láti fi wo ìrora, pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní kẹ́nì kan dojú bolẹ̀, wọ́n á fọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ lójijì, ẹ ó gbọ́ kẹ̀ẹ́, onítọ̀hún á dìde á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "ìwádìí ti fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́". Ìwádìí wà lóòótọ́. Àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń kà á, ìbéèrè kan ló sì máa gbà yín jù lọ: wọ́n fi wé kí ni?

Kẹ́ ẹ tó débẹ̀ ṣá, ẹ wo àìsàn tí ìwádìí yẹn dá lé. Ọdún 1895 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ D. D. Palmer bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nílùú Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ohun tó sì gbà gbọ́ ni pé eegun ọ̀pá ẹ̀yìn tó yẹ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn ọmọ èèyàn. Èrò yẹn ò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí wọ́n dán an wò. Ibi tí ẹ̀rí wà ni ẹ̀yìn ríro, ọrùn ríro, àti irú ẹ̀fọ́rí kan tó jẹ́ pé ọrùn ló ti ń wá. Tẹ́ ẹ bá wá rẹ́ni tó lóun ń fi wo ikọ́ fée, ìyẹn asthma, ńkọ́? Lọ́dún 1998, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine, wọ́n kó ọmọdé 91 tó ní ikọ́ fée jọ, wọ́n ṣe chiropractic gidi fáwọn kan, àwọn yòókù wọ́n kàn fọwọ́ kàn wọ́n bíi pé wọ́n ń tọ́jú wọn, oṣù mẹ́rin gbáko. Ara tu àwọn tí wọ́n tọ́jú ní gidi. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí ni, ariwo ò bá ti ta pé ó ṣiṣẹ́, àmọ́ bó ṣe tu àwọn yẹn náà ló ṣe tu àwọn tí wọ́n kàn fọwọ́ pa lára, kò síyàtọ̀ gidi kan láàárín wọn. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ máa béèrè nìyẹn.

Ẹ̀yìn ríro pàápàá ńkọ́? Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ máa ń lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yálà wọ́n tẹ̀ ẹ́ tàbí wọn ò tẹ̀ ẹ́. Torí náà tí ìwádìí kan bá kàn sọ pé "lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ara àwọn èèyàn ti yá", ẹ má tíì gbà. Ẹ wá àwọn tí wọn ò tẹ̀ nínú ẹ̀. Ọdún 1998 yẹn kan náà, nínú ìwé ìròyìn kan náà, wọ́n pín èèyàn 321 tẹ́yìn ń dùn sọ́nà mẹ́ta, àwọn kan lọ sọ́dọ̀ chiropractor, àwọn kan ṣe fisiótérápì, àwọn tó kù, ìwé kékeré kan tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀yìn ni wọ́n fún wọn. Àwọn tó lọ sọ́dọ̀ chiropractor fi díẹ̀ sàn ju àwọn oníwèé lọ, díẹ̀ náà ni o. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n sọ bí ìtọ́jú ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn sí, nǹkan bíi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lọ sọ́dọ̀ chiropractor tàbí tó ṣe fisiótérápì ló yìn ín, àwọn oníwèé ò ju bí ìdá 30 lọ. Ìtẹ́lọ́rùn yàtọ̀ sí ìwòsàn, ẹ ṣọ́ra tí wọ́n bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì fún yín.

Ẹ wá béèrè bó ṣe tóbi tó. Ẹ mú rúlà, ẹ fa ìlà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sórí pépà, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni "kò dùn mí rárá", ìparí ẹ̀ ni "ìrora tó le jù". Bí wọ́n ṣe ń wọn ìrora nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí nìyẹn. Ẹ fi bíró sàmì síbi tí tiyín wà. Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí kó ìwádìí 15 pọ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA, èèyàn 1,711 ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀yìn ríro tí ò tíì pẹ́ ni wọ́n wò, ohun tí títẹ ẹ̀yìn fi dín ìrora kù ju ohun tí wọ́n fi wé e lọ ò ju sẹ̀ǹtímítà kan péré lórí ìlà yẹn. Ẹ sún àmì yín sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó. Fẹ́ni tí ò rí oorun sùn, ìyẹn lè tó ó dìde, mi ò ní bú u. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu tí wọ́n ń gbé kiri nínú fídíò.

Èyí tó ti pẹ́ lára, ìwádìí 47 ni wọ́n kó pọ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ lọ́dún 2019, èèyàn 9,211, wọ́n sì rí i pé ibi tí éèsáàsì àti àwọn ìtọ́jú mìíràn tí àwọn dókítà fọwọ́ sí ń gbé èèyàn dé, ibẹ̀ náà ni títẹ ẹ̀yìn ń gbé e dé. Ti ọrùn náà ò yàtọ̀ púpọ̀, ìwádìí ọdún 2012 kan lórí èèyàn 272 rí i pé ó sàn ju oògùn ìrora lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kàn kọ́ ní éèsáàsì tí wọ́n á máa ṣe nílé, tiwọn náà dára tó bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, èyí gan-an ló yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀, torí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ò lówó chiropractor ò pàdánù. Abájọ tí àjọ NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi sọ nípa ẹ̀yìn ríro lọ́dún 2016 pé wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ o, àmọ́ kí éèsáàsì wà níbẹ̀.

Ewu ńkọ́? Kí ara ro èèyàn fún ọjọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọ́pọ̀. Ti ọrùn ló ń bà mí lẹ́rù, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba ọrùn lọ sọ́pọlọ lè ya kó sì fa rọpárọsẹ̀, kò wọ́pọ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí ìwádìí tí èèyàn ẹ̀ ò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ ò fi lè rí i, torí náà "a ò rí ewu kankan" nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ò tó. Tí ọrùn bá sì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín lọ́nà tẹ́ ò rí rí, tójú ń ṣú tàbí tẹ́nu ń wọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yí i o, ọsíbítù ni kẹ́ ẹ lọ. Bákan náà tẹ́ ò bá lè tọ̀, tí abẹ́ bá kú tipiri, tẹ́sẹ̀ ò bá lágbára mọ́, tàbí tẹ́yìn bá ń dùn yín tó sì jẹ́ pé ẹ ti ní jẹjẹrẹ rí. Ẹ má dúró ka ìwádìí kankan.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ lọ, ẹ lọ. Ẹ sàmì sórí ìlà yẹn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ kọ déètì sí i, kẹ́ ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ san owó ọdún kan sílẹ̀, ẹ kọ̀, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìwádìí ọdún 2017 yẹn wò mọ. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tí àmì yẹn ò kúrò lójú kan, ẹ gbé pépà yẹn lọ bá dókítà.