Ṣọ́ọ̀kì kọ́ ló ń dún: bí mo ṣe pààrọ̀ línkéèjì mọ́tò mi fúnra mi

₦145,000 ni mo san lórí ṣọ́ọ̀kì iwájú méjì, owó iṣẹ́ wà nínú ẹ̀, tó sì jẹ́ pé línkéèjì, irin kékeré ẹ̀yìn táyà tó ń dún lábẹ́ mọ́tò mi, ò ju ₦18,000 lọ. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹyin ni mò ń tà. Corolla 2005 ni mo fi ń kó o láti Ìdó, màá gba Ológunẹrú, Ẹlẹ́yẹlé, Sángo kí n tó já sí Bódìjà n'Íbàdàn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, 40 kéréètì lẹ́ẹ̀kan. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí nǹkan ti ń dún kọ-kọ-kọ níwájú lọ́wọ́ òsì, pàápàá tí mo bá rọra ń lọ lórí ọ̀nà tí ò dán. Tí mo bá sáré díẹ̀, ariwo á dínkù. Mo sọ gbogbo èyí fún mẹkáníìkì mi, mo là á yé e, ó ti orí bọ abẹ́ mọ́tò fún bí ìṣẹ́jú kan, ó ní, "Mọ́mì, ṣọ́ọ̀kì yín ti kú, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ méjèèjì." Ó ní téèyàn bá pààrọ̀ tọ̀tún kó pààrọ̀ tòsì. Òótọ́ nìyẹn, n ò bá a jà lórí ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fi gbádùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì kọ-kọ-kọ tún bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà, ohùn kan náà. Mo padà lọ bá a, ó ní ṣọ́ọ̀kì tuntun ṣì ń mọ ara ẹ̀ ni, kí n fún un láyè. Oṣù kan gbáko ni mo fún un láyè, tí mò ń wakọ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé kí táyà má lọ yọ lójú ọ̀nà.

Bàbá Láńlọ́ọ̀dù wa ló là mí lójú. Wọ́n wa tírélà fún ọdún pípẹ́, wọn kì í gbà pé nǹkan bàjẹ́ àfi tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí n tẹ imú mọ́tò wálẹ̀ lókè táyà òsì kí n sì fi sílẹ̀. Ó gbéra sókè, ó dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ṣé o rí i? Èyí tó ti kú máa ń jó sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin ni. Sípíríǹgì ló ń gbé mọ́tò, ṣọ́ọ̀kì ló ń dá a lẹ́kun kó má máa fò." Wọ́n wá bi mí bóyá epo ń jò lára àwọn àtijọ́. Mo rántí dáadáa torí mo dúró ti mẹkáníìkì lọ́jọ́ tí wọ́n ń yọ ọ́: eruku ló wà lára méjèèjì, eruku gbígbẹ bíi tìgbà ọyẹ́. Epo wà nínú ṣọ́ọ̀kì, tó bá ń jò, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á dúdú, á tutù. Tèmi gbẹ táútáú. Mo fi méjèèjì sílẹ̀ fún mẹkáníìkì níbẹ̀, ó ń dùn mí dòní.

A yí sitíárìn títí ó fi dé òpin kí ọwọ́ lè wọ ẹ̀yìn táyà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀, kò ju ìka ọwọ́ lọ, orí ẹ̀ kan so mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì, orí kejì so mọ́ irin gígùn tó ti ọ̀tún dé òsì tí kì í jẹ́ kí mọ́tò dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan téèyàn bá ń já kọ́nà. Òun ni línkéèjì. Mo dì í mú, mo mì í, ó ń mì lọ́wọ́ mi bí eyín ọmọ ọdún méje. Rọ́bà orí ẹ̀ ti ya, omi àti iyanrìn ti wọ ibẹ̀, gírísì ti tán, bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ ti dípẹtà.

Ohun tó wá bí mi nínú jù rè é. Lára mọ́tò mi yìí, kò sẹ́ni tó máa yọ ṣọ́ọ̀kì iwájú láì kọ́kọ́ tú línkéèjì kúrò lára ẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n fọwọ́ mú un, wọ́n tú u, wọ́n rí i pé ó ń mì, wọ́n sì tún dá a padà sára ṣọ́ọ̀kì tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fowó ẹyin rà!

Mo pinnu pé èmi ni màá ṣe é. Ọjà Aráròmí ní Gate ni mo ti ra méjèèjì, tuntun inú páálí, mo ti ya fọ́tò ti àtijọ́ dání, kò pẹ́ rárá. Gbígbé jáàkì àti títú táyà, gbogbo yín lẹ mọ ìyẹn. Ẹ ṣáà má na ara yín sábẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dání, Bàbá ti táyà tá a tú sábẹ́ ẹ̀ kí n tó sún mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tú. Tòkè ló bá tèmi jẹ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, aago méjì ọ̀sán ṣì bá mi lórí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá fi sípánà yí nọ́ọ̀tì yẹn, bóòtì inú ẹ̀ á bá a yí, torí bọ́ọ̀lù ló wà ní ìdí ẹ̀, kò sóhun tó dì í mú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ihò kékeré sí imú bóòtì, kéèyàn ki allen key, irin kékeré onígun mẹ́fà, bọ̀ ọ́, kó fi ọwọ́ kan dá a dúró, kó fi ọwọ́ kejì yí nọ́ọ̀tì. Ihò tèmi ti kún fún ìpẹtà, allen key wọlé díẹ̀, mo fipá yí i, ó yọ̀, igun mẹ́fà inú ihò bá di róbótó. Látìgbà yẹn, tí mo bá ti yí nọ́ọ̀tì, bóòtì ń tẹ̀ lé e bí ọmọ tó di ìró ìyá ẹ̀ mú. A da díísù sí i, a lọ mu gàrí, a padà dé, kò gbọ́. A fọ́n WD-40, epo inú agolo tí wọ́n ń fọ́n sí irin tó dípẹtà, sí i, kò gbọ́. Bàbá fi páláyà di ọrùn ẹ̀ mú, ó yọ́ bọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi bó níbi méjì.

A wá rán Tọ́pẹ́ lọ ra ojú ayùn irin méjì. Èyí àkọ́kọ́ dá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá torí ibẹ̀ há, ayùn ò rí àyè fà. Mo yọ ìkejì kúrò lára igi ẹ̀, mo fi àkísà wé ìdí ẹ̀, mo ń fọwọ́ fà á díẹ̀díẹ̀ láàárín nọ́ọ̀tì àti ṣọ́ọ̀kì, tí mò ń ṣọ́ra kí n má lọ gé ara ṣọ́ọ̀kì olówó gọbọi. Ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí orí bóòtì yẹn já, mo pariwo débi pé ìyá alágbàdo sáré wá láti ojúde.

Tuntun ò wá wọ ihò. Mo tì í, mo fà á, kò bá ihò dọ́gba. Ó ṣe díẹ̀ kí Bàbá tó rántí pé apá òsì nìkan la gbé sókè, ọ̀tún wà nílẹ̀, irin gígùn yẹn ti lọ́, ó ń fa línkéèjì. A yá jáàkì kejì lọ́dọ̀ fọkanáísà, a gbé ọ̀tún náà sókè, línkéèjì sì wọlé wẹ́rẹ́, ọwọ́ lásán ni mo fi tì í. Ká ní a ti gbé méjèèjì láti àárọ̀!

Lápá ọ̀tún, mo kọ́kọ́ fi ìṣó họ inú ihò bóòtì mọ́, mo fi òòlù rọra gbá allen key wọlé títí ó fi kanlẹ̀. Ìṣẹ́jú 25 ni gbogbo ẹ̀ gbà. Tẹ́ ẹ bá máa ṣe tiyín, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti rẹ nọ́ọ̀tì yẹn, kẹ́ ẹ sì ti ra ojú ayùn sílẹ̀.

Mo wà á lọ sí Ẹlẹ́yẹlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo pa rédíò, mo mọ̀ọ́mọ̀ gba inú gálóòpù. Kò sóhun tó dún. Ọwọ́ èmi tí mo fi ń ka ẹyin ló ṣe é.

Línkéèjì ò béèrè wíìlì aláínmẹ́ntì, ìyẹn títo táyà kó lè dọ́gba, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba owó yẹn lọ́wọ́ yín. Ó sì lè máa dún títí owó á fi wọlé. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, èyí tó so ìdí táyà mọ́ irin abẹ́ mọ́tò, ni kò ṣeé fi falẹ̀, tó bá já, táyà á ṣí síta lójú ọ̀nà. Nọ́ọ̀tì àárín tó wà lórí ṣọ́ọ̀kì náà, ẹ má fọwọ́ kàn án nílé o, sípíríǹgì tí wọ́n fún pọ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀, tó bá fò jáde ó lè pa èèyàn.

Ó ku búṣìn lówà-áàmù ọ̀tún, ìyẹn rọ́bà ìdí irin abẹ́ mọ́tò tó di táyà mú, mo rí i lọ́jọ́ náà pé rọ́bà ẹ̀ ti ń là. Ìyẹn gba ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, mẹkáníìkì míì ló máa ṣe é. Bàbá ti kìlọ̀ fún mi pé bóòtì ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dì pa nígbà tí táyà ṣì ń fì lórí jáàkì, torí tí mọ́tò bá balẹ̀, rọ́bà á lọ́, á sì tètè ya. Àfi kí mọ́tò jókòó sórí táyà ẹ̀ kí wọ́n tó fún un pa. Màá wà lórí bẹ́ǹṣì wọn lọ́jọ́ náà, n ò sì ní dìde títí táyà á fi kanlẹ̀.