Owó tó wọlẹ̀ kí ilé wa tó yọ lórí ilẹ̀

Owó ìpìlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta tí a kọ́ sí Ajah ṣì ń dùn mí. Ẹni tó ta ilẹ̀ náà fún wa sọ pé ilẹ̀ gbígbẹ ni. Ó da yanrìn bo àbàtà, ó sì gba owó ilẹ̀ gbígbẹ lọ́wọ́ wa.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Lọ́dọ̀ wa, ẹ ò ní gbẹ́lẹ̀ jìn kí ẹ tó kan àpáta. Etí ọ̀sà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò kí ẹnjiníà tó ya ohunkóhun.

Àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò dé mítà 5 péré, wọ́n bá ń palẹ̀ mọ́. Mo ní wọn ò tíì kan ilẹ̀ líle, n ò ní san owó tó kù. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn lọ. Mo ń pè, wọn ò gbé e. Òjò ń bọ̀, àwọn bíríkìlà ti ń wá iṣẹ́ síbòmíì. Bọ̀dá mi, tí a jọ dáwó ilé náà, pè mí: “Àbúrò, kí ló ń dá wa dúró gan-an?” N ò yẹsẹ̀, inú mi sì dùn pé n ò yẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé, mo dúró tì wọ́n. Òòlù kílò 63.5 ni wọ́n ń jẹ́ kó já lu ọ̀pá láti gíga sẹ̀ǹtímítà 76, wọ́n á ka iye ìgbà tó lù ú kí ọ̀pá tó wọlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30. Yanrìn òkè le díẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá ń rì fúnra rẹ̀. Ohun tó bá a jáde dúdú, ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà kún inú rẹ̀, ó ń rùn. Amọ̀ rírọ̀ ló tẹ̀ lé e. A kọjá mítà 15 kí a tó kan yanrìn líle.

Bí àwòrán ìpìlẹ̀ ṣe yí padà nìyẹn: páìlì kọnkéré, ìyẹn òpó gígùn tó gba inú ẹrẹ̀ lọ dé yanrìn líle. Páìlì náà ni afárá Third Mainland dúró lé nínú ọ̀sà. Ẹnjiníà tún mú tiwa gùn sí i, torí yanrìn tí wọ́n dà síbẹ̀ ń tẹ ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ẹrẹ̀ sì ṣe ń rì ló ń fa páìlì lọ sísàlẹ̀.

Bí a ṣe mọ ògiri tí a sì da dẹ́kì, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ilẹ̀ lápá ibẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò bóyá ọkọ̀ ojú omi ti gba ibẹ̀ rí. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ kí ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó, ẹ má rà á.